Àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀: Káráfáànì àtijọ́ tí òrùlé rẹ̀ tẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n yọ kọ́bọ́ọ̀dù inú rẹ̀

Àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ṣe káráfáànì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ilé kékeré onítáyà méjì ni, irú èyí tí ìdílé máa ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí wọ́n bá ń lọ sí ìsinmi. Igi ni egungun rẹ̀, àlùmíníọ́mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bo òde rẹ̀, pílàì tínrín ló sì wà nínú. Obìnrin tó rà á fẹ́ fi ṣe ìsọ̀ kọfí tí yóò máa gbé lọ síbi ìgbéyàwó àti ọjà ìta gbangba. Kò béèrè iye ẹrù tó lè gbé nígbà tó ń rà á, ẹwà rẹ̀ ló wọ̀ ọ́ lójú: iwájú rẹ̀ tó rí roboto, fèrèsé rẹ̀ tó ṣì pé, ọwọ́ ilẹ̀kùn tó jẹ́ èyí tó bá a jáde nílé iṣẹ́. N kò dá a lẹ́bi. Ẹwà yẹn gan-an ni ọjà ń tẹ̀ lé. Ẹni tó ń ṣe ìyàwó, tó bá rí irú èyí, kò ní fẹ́ kí wọ́n gbé àpótí funfun kan lásán wá síbi àríyá òun.

Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwa tí à ń tún káráfáànì ṣe, káfíńtà kan ti ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Kì í ṣe aláìmọ̀ṣẹ́ o. Iṣẹ́ àga àti tábìlì rẹ̀ dára, ìdí abájọ nìyẹn tí obìnrin náà fi gbé e fún un. Káfíńtà yìí yọ bẹ́ẹ̀dì, ó yọ àga, ó yọ kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó sì yọ pátíṣọ̀n tó pín inú rẹ̀ sí méjì, kí àyè lè gbòòrò. Lẹ́yìn náà ló gé fèrèsé ìtajà sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó gùn tó 180 sẹ̀ǹtímítà, tó sì ga tó 90. Ó fi férémù igi tó mọ́ dáadáa yí i ká. Wọ́n kùn ún lọ́dà, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà tuntun sílẹ̀. Nínú fọ́tò, kò sí ohun tí ẹ máa rí tí ẹ ò ní fẹ́ràn.

Ìjáde àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Lójú ọ̀nà, káráfáànì náà ń fì sọ́tùn-ún sósì lẹ́yìn ọkọ̀, débi pé awakọ̀ ní láti rọra máa wà á bí ẹni tó gbé ẹyin. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, fèrèsé ìtajà há, èèyàn méjì ló tì í kó tó ṣí. Ilẹ̀kùn náà kọ̀, kò padé mọ́. Òjò wá rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti òkè àjà sórí ẹ̀rọ kọfí.

Ohun tó ní kí a wá ṣe kò pọ̀ lójú tirẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà bá mi gé etí ilẹ̀kùn yẹn díẹ̀ kí ó lè padé, kí ẹ sì bá mi fi gọ́mù dí etí fèrèsé tó ń jò.” Mo ní, “Àǹtí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wọn ilẹ̀kùn ọ̀hún ná.” Férémù ilẹ̀kùn ni a wọ̀n, láti igun òkè lọ́tùn-ún dé igun ìsàlẹ̀ lósì, lẹ́yìn náà láti igun kejì. Ó yẹ kí méjèèjì dọ́gba. Ìyàtọ̀ àárín wọn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Ilẹ̀kùn kò ní ẹ̀bi kankan, ògiri tó gbé e ló ti dagun. Ká ní a gé etí rẹ̀ ni, yóò padé lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn ìrìn mélòó kan yóò tún kọ̀, àmì kan ṣoṣo tó ń fi ìdààmú gidi hàn wá á sì ti pa rẹ́.

A ta okùn lé òrùlé láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ní àárín, lókè fèrèsé ìtajà gẹ́lẹ́, òrùlé ti lọ sílẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta.

Ibi tí mo fẹ́ kí àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí dúró sí dáadáa rèé. Àwọn tó ń ṣe káráfáànì láyé ìgbà yẹn ń sá fún ìwúwo, nítorí ọkọ̀ ìdílé kéré, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sì lágbára púpọ̀. Wọ́n mú igi egungun ògiri tẹ́ẹ́rẹ́, òmíràn kò ju sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ ní fífẹ̀ lọ. Igi tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò lè dá òrùlé gbé. Nítorí náà, wọ́n fi ohun èlò inú ilé ṣe òpó. Kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ tó ga láti ilẹ̀ dé àjà ń gbé òrùlé ró, ó sì ń di ògiri mú kí ó má baà fì. Pátíṣọ̀n ń so ògiri ọ̀tún mọ́ tòsì. Àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì pàápàá ń di ìsàlẹ̀ ògiri mọ́ ilẹ̀. Ẹni tó bá wọ inú irú ilé bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ojú káfíńtà yóò rí àga àti kọ́bọ́ọ̀dù, yóò sì kó wọn síta. Ohun tó kó síta yẹn ni òpó ilé.

Káfíńtà ti kọ́kọ́ yọ òpó, kó tó wá gé igi ìdúró mẹ́ta nínú ògiri láti ṣí fèrèsé. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì ló ṣe, ó ṣeé ṣe kí káráfáànì náà fara dà á fún ọdún bíi mélòó kan. Méjèèjì pọ̀ ló pa á lára. Férémù tó fi yí fèrèsé ká dára lójú, àmọ́ inú ògiri tínrín yẹn náà ló kàn án mọ́. Kò dé ilẹ̀, kò sì kan ṣáàsí, ìyẹn irin ìsàlẹ̀ tó gbé gbogbo ilé náà, níbì kankan.

Kì í ṣe gbogbo káráfáànì àtijọ́ ló rí báyìí. Airstream ti Amẹ́ríkà, èyí tí Wally Byam gbé Clipper rẹ̀ jáde ní 1936, jẹ́ àlùmíníọ́mù tí wọ́n fi rívẹ́ẹ̀tì dè mọ́ egungun rẹ̀ bí ara ọkọ̀ òfuurufú. Awọ òde rẹ̀ wà lára ohun tó ń gbé ẹrù, nítorí náà ihò èyíkéyìí tí èèyàn bá gé sí i ń dín agbára rẹ̀ kù. Eriba ti Jámánì, tó jáde ní ìparí àwọn ọdún 1950, ní páìpù irin nínú egungun rẹ̀, ó sì le ju onígi lọ. Boler ti Kánádà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1968, kò ní egungun rárá: ìkòkò fáíbà méjì ni wọ́n pa dé ara wọn. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lára ọ̀kan kò gbọdọ̀ rò pé òun ti mọ ìyókù. Kí a tó fọwọ́ kan ayùn, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé kí ló ń gbé òrùlé yìí ró.

A bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe láti inú. Jáàkì méjì ni a gbé sílẹ̀ lórí pákó fífẹ̀ tó tẹ́ sórí irin ṣáàsí, a sì fi igi gígùn tó tẹ́ lábẹ́ àjà gba òrùlé. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń yí jáàkì, a óò yí i díẹ̀, a óò fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Igi tó ti tẹ̀ fún oṣù púpọ̀ kì í fẹ́ kánjú, tí a bá sì fi ipá gbé e lẹ́ẹ̀kan, gọ́mù àtijọ́ tó so pílàì mọ́ igi yóò já.

Èrò wa ni pé tí òrùlé bá ti padà sókè, a óò ki igi líle sókè fèrèsé, a óò sì fi síkúrù dè é. A fi síkúrù kan dán igi etí òrùlé wò. Ó wọlé láìgba agbára, ó ń yí lófo bí ẹni pé inú ẹrọ̀fọ̀ ló wà. Nígbà tí a fà á jáde, ohun tó bá a jáde jẹ́ igi dúdú tó tutù, tó ń fọ́ láàárín ìka. Ẹ̀rọ tí a fi ń mọ ọ̀rinrin inú igi tí a ki sí ibẹ̀ ka ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Lára káráfáànì onígi, ohun tó bá ju 20 lọ ti tó kí èèyàn ṣí ibẹ̀ wò. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Gbogbo wa ti gbà pé etí fèrèsé tuntun ló ń jò, àmọ́ igi kì í jẹra tó bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Jíjò yìí ti wà ṣáájú fèrèsé, ó ti wà ṣáájú káfíńtà.

A gbé rọ́bà omi wá láti fi wá ibi tó ń jò. Ìsàlẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òkè. Tí omi bá ti òkè wá, gbogbo ibi ni yóò rin, èèyàn kò sì ní mọ ibi tó gbà wọlé. A da omi sí abẹ́ fèrèsé, a dúró, inú gbẹ. A da á sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, inú gbẹ. A dà á sórí etí fèrèsé tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn, inú ṣì gbẹ. Ìgbà tí omi dé ojú irin gbọọrọ tó bo ibi tí òrùlé ti pàdé ògiri, kò pẹ́ tí ẹni tó wà nínú fi pariwo pé omi ti ń kán.

A tú irin yẹn. Àwọn tó kọ́ ọ ti fi gọ́mù rírọ̀ sí abẹ́ rẹ̀ nílé iṣẹ́, ó ti gbẹ, ó ti di eruku. Lórí rẹ̀, ẹnì kan ti fi sílíkọ́ọ̀nù funfun ya ìlà gbọọrọ láti òde, ó mọ́ tónítóní. Sílíkọ́ọ̀nù kì í di ojú tí ọ̀rá gọ́mù àtijọ́ wà mú pẹ́, ó sì tún ń ṣe aburú mìíràn: ó dí ọ̀nà tí omi ì bá gbà jáde nísàlẹ̀ irin, bí omi bá ti wọlé lókè, igi ni yóò mu ún. Iṣẹ́ tó yẹ ni kí a tú irin náà kúrò pátápátá, kí a ha gọ́mù àtijọ́ títí àlùmíníọ́mù yóò fi hàn, kí a tẹ́ téèpù gọ́mù bútílì, kí a wá fi síkúrù tuntun tí kì í dípẹtà dè é padà. Iṣẹ́ tó ń jẹ ọjọ́ ni, oníbàárà kì í sì í rí i nínú fọ́tò. Mo fẹ́ kí ó yé àwọn tó ń rà á pé ibẹ̀ lowó ń lọ, pé ọ̀dà kò sì lè rọ́pò rẹ̀.

Igi tó jẹra ni a gé kúrò dé ibi tí ó ti gbẹ, a fi tuntun lẹ̀ ọ́. Lókè fèrèsé ìtajà, a fi igi líle tí a fi pílàì há láàárín ṣe igi ìdábùú tí yóò gba òrùlé, a sì fi òpó méjì gbà á lọ́tùn-ún lósì. Òpó wọ̀nyí wọ ilẹ̀ kọjá, a fi bóòtù dè wọ́n mọ́ ṣáàsí. Kọ́bọ́ọ̀dù náà ń kọ́? A dá a padà. Kò fẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó ga láti ilẹ̀ dé àjà ní ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an, ife àti ìwé ìnuwọ́ ni obìnrin náà ń kó sínú rẹ̀. Inú rẹ̀ kò kọ́kọ́ dùn sí i, torí àyè tó ti ń yangàn fún àwọn oníbàárà rẹ̀ dín kù. Ó sọ fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, àyè yẹn gan-an ni mo tìtorí ẹ̀ sanwó.” Mo fi okùn tí a ta sórí òrùlé hàn án. Kò tún sọ̀rọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwúwo ló kàn, òun ló sì yí gbogbo ètò òwò náà padà. Lára irin ibi ìsokọ́, èyí tó ń so ó mọ́ ọkọ̀, ni àwo irin kékeré kan wà tí wọ́n ti kùn lọ́dà bò. A fi omi tó ń bó ọ̀dà nu ọ̀dà náà kúrò. Ohun tó wà lórí rẹ̀ ni pé òfìfo rẹ̀ jẹ́ 710 kílógíráàmù, gbogbo ìwúwo tí kò gbọdọ̀ kọjá jẹ́ 910. Lẹ́yìn àtúnṣe wa, òṣùwọ̀n gbé e sí 720. Ẹrù tó kù tí ó lè gbé jẹ́ 190. Mo ní kí obìnrin náà kọ gbogbo ohun tó fẹ́ gbé sínú rẹ̀, kí ó sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́: ẹ̀rọ kọfí olórí méjì (èyí tó ń po kọfí níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà) 65, ẹ̀rọ ìlọkọfí 12, fìríìjì 45, omi lítà 80 tí í ṣe 80 kílógíráàmù, jẹnẹrétọ̀ 48, sílíńdà gáàsì méjì 50, káńtà irin tí kì í dípẹtà 40, wàrà àti ọjà mìíràn 60. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 400. Ìyẹn ju ohun tí ilé náà lè gbé lọ ní ìlọ́po méjì, ìwé náà sì wà lójú rẹ̀ pẹ̀lú ìkọ̀wé ara rẹ̀.

Àwọn kan á ní kí a pààrọ̀ áàsù, irin ìdábùú tó gbé táyà méjèèjì, sí èyí tó lágbára. Ó ṣeé ṣe lára àwọn káráfáànì kan, àmọ́ áàsù nìkan kọ́ ni àwo irin yẹn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣáàsí wà níbẹ̀, búrékì wà níbẹ̀, ibi ìsokọ́ wà níbẹ̀. Fífi áàsù líle sábẹ́ ṣáàsí tí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ ń gbé ìdààmú láti ibì kan lọ síbòmíràn ni. Ohun tí a ṣe ni pé a gé ẹrù. Jẹnẹrétọ̀, omi àti ọjà bọ́ sínú ọkọ̀ tó ń fà á, lẹ́yìn tí a ti rí i pé ọkọ̀ náà lè gbà á. Sílíńdà kan ni ó kù. Ẹ̀rọ kọfí olórí méjì di olórí kan, 40 kílógíráàmù. Ẹrù di 162, gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ 882. Ẹ̀rọ olórí kan túmọ̀ sí pé tí èrò bá tò, wọ́n á dúró pẹ́. Ìyẹn ló dun obìnrin náà jù nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni ẹ̀dùn rẹ̀, nítorí àdéhùn tó ti bá àwọn oníbàárà kan ṣe ló ní láti tún ṣe.

Fífì tó ń fì lójú ọ̀nà kò le láti mọ̀ lẹ́yìn èyí. Ẹ̀yìn áàsù ni wọ́n gbé ẹ̀rọ àti fìríìjì sí, ìdí rẹ̀ sì wúwo ju imú lọ. Ìmọ̀ràn tí wọ́n sábà ń fún àwọn tó ń fa káráfáànì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí imú rẹ̀ tẹ ibi ìsokọ́ ọkọ̀ pẹ̀lú ìdá márùn-ún sí méje nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìwúwo rẹ̀. Fún 882, ìyẹn wà láàárín 44 sí 62 kílógíráàmù. Tiẹ̀ kò pé 20 nígbà tí a kọ́kọ́ wọ̀n ọ́. Ètò àkọ́kọ́ tún fi omi mímọ́ síwájú, ó fi táǹkì omi ìdọ̀tí sẹ́yìn. Tí ẹ bá ronú sí i, ẹ óò rí i pé bí òwò bá ṣe ń lọ ni ìwúwo ń kúrò níwájú lọ sẹ́yìn, kí ilẹ̀ tó ṣú ilé tó dára láàárọ̀ ti di eléwu, ìgbà yẹn gan-an ni ó ti rẹ awakọ̀. A gbé ẹ̀rọ àti fìríìjì sórí áàsù, táǹkì kékeré tó kù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, obìnrin náà sì ń da omi ìdọ̀tí nù kí ó tó kúrò níbi tó ti ṣòwò.

Táyà rẹ̀ ní ojú dáadáa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tuntun. Àmọ́ nọ́ńbà mẹ́rin tó parí àmì ara táyà, èyí tí méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀, tí méjì tó kù jẹ́ ọdún, fi hàn pé ó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti là wínníwínní. Ìdúró lójú kan ń ba táyà káráfáànì jẹ́ ju ìrìn lọ. A pààrọ̀ méjèèjì.

Gáàsì ni mo fi pamọ́ di báyìí, nítorí òun ló tètè lè pààyàn jù nínú gbogbo èyí. Lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà tuntun, a rí ihò mẹ́ta tí wọ́n fi pákó dí. Obìnrin náà ló ní kí wọ́n dí i, ó ní eruku àti kòkòrò ń gba ibẹ̀ wọlé. Ihò wọ̀nyẹn kì í ṣe àléébù. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, tí ó bá jò, ilẹ̀ ni yóò lọ kó jọ sí, ihò ilẹ̀ ni ó sì ń gbà jáde. A ṣí wọn padà, a fi àwọ̀n irin bò wọ́n. A gbé sílíńdà sínú àpótí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sí òde nìkan, a fi ihò afẹ́fẹ́ sí òkè àti sí ìsàlẹ̀ ògiri, a kan ẹ̀rọ tó ń ké tí afẹ́fẹ́ olóró kábọ̀ọ̀nù mọnọ́sáìdì bá wà, a sì pe ẹni tó ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ gáàsì wá yẹ gbogbo rẹ̀ wò. N kì í fọwọ́ sí páìpù gáàsì fúnra mi.

Àwọn ohun kékeré kan wà tí a ṣe pẹ̀lú. Káńtà inú ga 90 sẹ̀ǹtímítà sí ilẹ̀ ilé, ilẹ̀ ilé fúnra rẹ̀ sì ga tó 50 sí ilẹ̀ ìta, nítorí náà oníbàárà ní láti nawọ́ dé 140 kí ó tó gba ife kọfí gbígbóná. A kan pákó títẹ̀ mìíràn sí òde, ní 110. Síńkì ìfọwọ́ wà lọ́tọ̀ sí ti ìfọfe, ojú gbogbo ibi iṣẹ́ sì ṣeé nù. Mo ní kí obìnrin náà sọ fún àwọn oníṣòwò ìbánigbófò rẹ̀ pé òwò ni yóò máa fi ṣe, nítorí ìwé ìbánigbófò fún ìrìn ìsinmi ló ní lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í sì í kan òwò.

Òrùlé kò padà pátápátá. Nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan ló ṣì wà nílẹ̀ ní àárín, a sì fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, torí fífi ipá gbé e lè fọ́ igi tó ṣì dára. Ilẹ̀kùn ń padé, fèrèsé ń ṣí pẹ̀lú ọwọ́ kan, inú rẹ̀ gbẹ. Ìsọ̀ náà ń ṣiṣẹ́, òun àti ẹ̀rọ olórí kan rẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà bá ní iṣẹ́ ńlá, ó máa ń gbé ẹ̀rọ kejì kalẹ̀ lórí tábìlì lábẹ́ àgọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ronú kan ọgbọ́n yẹn.

Láti ìgbà náà, tí ẹnikẹ́ni bá pè wá pé òun fẹ́ sọ káráfáànì àtijọ́ di ìsọ̀, ohun mẹ́ta ni a ń béèrè kí a tó dá iye kankan: fọ́tò inú rẹ̀ kí wọ́n tó yọ ohunkóhun, fọ́tò àwo irin ìwúwo, àti ìwé tí wọ́n kọ gbogbo ẹrù sí pẹ̀lú ìwọ̀n wọn. Ẹni tí kò bá ní fọ́tò inú, nítorí pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, a máa ń ní kí ó wá àmì ìṣó àti àwọ̀ pílàì tí oòrùn kò dé lára ògiri àti àjà. Ibi tí kọ́bọ́ọ̀dù ti dúró rí máa ń hàn níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọn òpó.